Àmín Mẹ́tàlélógójì fún Ìgbálẹ̀

Ọmọ Oǹdó ni Olúgbémiga Kìtán, ṣùgbọ́n Àkúrẹ́ ló ti fi ọdún márùndínlógójì kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní iṣẹ́ káfíńtà. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, kò jẹ́ kí ọwọ́ òun dilẹ̀. Ìjókòó tó bá ń mì nínú ìjọ wọn ní Àrákálẹ̀, òun ni í kàn án. Kì í sì í fi ìṣó ṣòfò. Èyí tó bá tẹ̀, á fi òòlù nà án, ó di tuntun.

Òun náà ló dábàá pé kí ìjọ ní ìkànnì lórí ayélujára. Ìkéde ọjọ́ Ìsinmi ń gba ogójì ìṣẹ́jú, ọ̀pọ̀ á sì ti sùn kí akọ̀wé tó dé ibi iṣẹ́ tí a fẹ́ kí wọ́n wá ṣe. Tolúwalọpẹ́ ọmọ rẹ̀, tó ń kọ́ni ní kọ̀ǹpútà ní Oǹdó, bá a ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni bàbá wọkọ̀ lọ bá a kó tó mọ ibi tí wọ́n ń tẹ̀.

"Dádì, ẹ rọra tẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe ìṣó o!"

Oṣù mẹ́ta péré ni ìgbìmọ̀ ìjọ fún ìkànnì náà láti fi hàn pé ó wúlò. Olóyè Akíntóyè, Bàbá Ìjọ, kò fi bò rárá: "Gbémiga, bí nǹkan yìí ò bá mú ẹnikẹ́ni dìde lórí àga kó wá ṣiṣẹ́, a ó pa á. Ọmọ rẹ ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó àyè tí à ń san lé e lọ́dún tó owó páànù ilé ìdáná."

"Ẹ ó rí i, Bàbá."

Oṣù méjì kọjá. Àwọn èèyàn ń wo àwòrán ara wọn, wọ́n ń bá tiwọn lọ. Nígbà tí ìkórè ku ọ̀sẹ̀ méjì, Kìtán kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ta ni yóò wá bá wa gbá ilé Ọlọ́run láago méje àárọ̀ Sátidé? Ẹ dáhùn nísàlẹ̀." Kó tó di ọ̀sán, èèyàn mẹ́tàlélógójì ti dáhùn. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò tiẹ̀ ka ohun tí wọ́n kọ. Ó lọ ra ìgbálẹ̀ ogún ní Ọjà Ọba, ó ná an títí ó fi rí ẹ̀dínwó.

Nígbà tí Sátidé dé, òun àti Adépéjú ìyàwó rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Ó yọ fóònù, ó wáá kà á. "Àmín." "Àmín, lágbára Jésù." "Àmín, Olúwa yóò ṣe é." Bẹ́ẹ̀ ni títí dé ẹni ìkẹtàlélógójì. Ohun tó bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì wá, àwọn ará ibí kì í kà á tán kí wọ́n tó ṣe Àmín sí i.

Adépéjú rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. "Bàbá Tolú, Olúwa ni wọ́n gbé ìgbálẹ̀ lé lọ́wọ́!"

Kìtán ò rẹ́rìn-ín. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá forúkọ sábẹ́ iṣẹ́ ti gba iṣẹ́ nìyẹn. Ó to orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélógójì sójú ìkànnì: "Àwọn tó ti gbà láti wá gbálẹ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀." Lọ́jọ́ kejì, Alúfàá Reuben ka gbogbo rẹ̀ lórí pẹpẹ. Kò sẹ́ni tó sùn. Orúkọ Olóyè Akíntóyè ló ṣáájú.

Wọn ò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí Olóyè fi dá Kìtán dúró. "Ta ló ní kí o kọ orúkọ mi?"

"Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, Bàbá. Ẹ tún fi 'lágbára Jésù' kún un."

"Mo rò pé àdúrà ni!"

"Iṣẹ́ ni, Bàbá. Aago méje."

Ní Sátidé, èèyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wá. Ìgbálẹ̀ ò kárí. Olóyè ká apá agbádá, ó ń fi àkísà nu ìjókòó, Ìyá Joy, ọ̀kan nínú àwọn tó rí ìgbálẹ̀ gbà, sì ń ké láti ẹ̀yìn pé: "Bàbá Ìjọ, ẹ ti fojú fo igun yẹn o!"

Nígbà tí ìgbìmọ̀ jókòó lórí ọ̀rọ̀ ìkànnì, Olóyè ló kọ́kọ́ na ọwọ́.

"Ẹ má pa á," ó ní. "Ṣùgbọ́n kí Gbémiga kọ orúkọ àwọn méjìlá tí ò wá náà sí i. Ẹ̀yìn ṣì ń ro mí."