Àáró Fárìndé

Nígbà tí Fárìndé wà ní ọ̀dọ́, kò sí ẹni tó lè bá a kọ ebè ní abà Ẹlẹ́kùrọ̀, àfi Ògúntúyì ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì ló máa ń ṣíwájú nínú àáró. Ẹ mọ bí wọ́n ti ń ṣe é: gbogbo ẹgbẹ́ á lọ sí oko ẹnì kan lónìí, wọ́n á lọ sí ti ẹlòmíràn lọ́la, títí yóò fi kárí. Bí òbí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá kú, àwọn náà ní í gbẹ́ ilẹ̀. Ọlọ́fọ̀ á kọ́kọ́ fi ọkọ́ la ilẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ á sì gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, á ní ó tó, kó lọ jókòó.

Ìgbà tí òyìnbó ń la ojú irin kọjá ní ìhà Mọ́níyà ni Fárìndé lọ ru yẹ̀pẹ̀ níbẹ̀. Ó ní òun ò ní pẹ́ dé. Kò ní pẹ́ dé kẹ̀! Òyìnbó rí i pé kì í ṣe ọ̀lẹ, wọ́n fi í jẹ ọ̀gá lébìrà, wọ́n fún un ní fèrè àti bàtà, wọ́n sì kọ́lé onípáànù fún un létí ojú irin.

Àáró wá kàn án, kò ráyè. Kí ló ṣe? Ó sanwó fún lébìrà kan, ó ní kó lọ dípò òun. Nígbà tó tún yí kàn án, ó rán méjì, ó rò pé oore lòun ń ṣe. Àwọn lébìrà náà ṣiṣẹ́ dáadáa, wọn ò bá ẹnikẹ́ni ṣàwàdà, wọ́n jẹun tiwọn lọ́tọ̀, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Ẹgbẹ́ dúpẹ́. Kí ni wọn ì bá tún sọ?

Ní tòótọ́, ayé ọ̀gá kò dùn. Bó bá yọ sí àwọn lébìrà níbi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín, gbogbo wọn á pa ẹnu mọ́. Òyìnbó tó ń yìn ín kò sì jẹ́ ní kó jókòó. Nígbà tó sú u, ó gbé ọkọ́ rẹ̀ àtijọ́ lé èjìká, ó lọ sí àáró Ògúntúyì fúnra rẹ̀.

Ògúntúyì sáré pàdé rẹ̀. "Háà, ọ̀gá! Ẹ̀yin kẹ̀? Ẹ jókòó sábẹ́ ọsàn yìí, ẹ jọ̀ọ́."

"Túyì, èmi lò ń pè ní ọ̀gá?"

"Ẹ̀yin náà ni. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí aráyé bú wa."

Wọ́n gbé àpótí fún un. Ó jókòó títí iṣẹ́ fi parí, ó ń wo ẹ̀yìn wọn, ó ń gbọ́ orin wọn, inú rẹ̀ sì bàjẹ́ gidigidi.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Àpèkẹ́ ìyá rẹ̀ kú. Fárìndé sunkún bí ọmọdé. Síbẹ̀, ohun kan ń tù ú nínú: ẹgbẹ́ ń bọ̀ wá gbẹ́ ilẹ̀. Èyí nìkan ni wọn ò lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bọ́ bàtà, ó mú ọkọ́, ó la ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì dúró de Ògúntúyì.

Ògúntúyì dé lóòótọ́, nínú agbádá rẹ̀ tó dára jù. Àwọn ọkùnrin kan tí Fárìndé kò rí rí tẹ̀ lé e, wọ́n gbé ọkọ́ àti ṣọ́bìrì.

"Ọ̀gá, ẹ kú ará fẹ́ra kù," Ògúntúyì dọ̀bálẹ̀. "Ẹgbẹ́ ní iṣẹ́ ìyá yín kì í ṣe ohun tí a lè fi ọwọ́ oko wa ṣe. A dáwó, a gba lébìrà, bí ẹ̀yin náà ti máa ń ṣe fún wa. A ò fẹ́ kí ó kù díẹ̀ káàtó."

Kò sí ẹ̀gàn lójú rẹ̀. Ì bá sàn bí ó bá wà. Fárìndé di ọkọ́ rẹ̀ mú ṣinṣin.

Ọ̀kan nínú àwọn àlejò náà na ọwọ́, ó gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ilẹ̀, ó wo ilé.

"Ọ̀gá," ó ní, "ta ló kú?"