Ọjọ́ Tí Wọ́n Pín Igi Páínì Bàbá Hayashi

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni Ruqoyyah ń ṣe jẹun ní McKinney, lẹ́bàá Dallas ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ Bàbá Hayashi ní Mansfield ni ọkàn rẹ̀ ń gbé. Ará Japan ni bàbá náà, ó sì ń kọ́ ọ ní iṣẹ́ àwòrán Kano. Kano yìí kì í ṣe ti ilẹ̀ Haúsá o. Ìdílé ayàwòrán kan ni, tí wọ́n ń yàwòrán sí ààfin àwọn ọ̀gágun Japan láti ìran dé ìran. Ohun tí ọ̀gá bá yà ni ọmọṣẹ́ ń wò yà. Ẹni tó bá sì ń bọ́ wọn ló ni iṣẹ́ wọn.

Reuben, olówó kan ní Dallas, ló ń bọ́ Bàbá Hayashi. Inú ilé kan tí Reuben ní sí Mansfield ni bàbá ń gbé. Reuben ni bàbá ya igi páínì fún, lórí abala pátákó mẹ́fà tí wọ́n fi bébà so pọ̀, tó ṣeé ká bí ìwé. Igi kan ṣoṣo ni, ẹ̀ka rẹ̀ gba orí gbogbo abala náà kọjá, wúrà pẹlẹbẹ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ruqoyyah bá bàbá lẹ lára wúrà náà.

Iṣẹ́ parí, Reuben kú. Ìgbà tí wọ́n sin ín tán, Michelle ọmọ rẹ̀ wá pẹ̀lú àwọn akẹ́rù.

"Ẹ má bínú," ó ní. "Àwa ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà la fẹ́ igi páínì náà. Àwọn yòókù ní ká pín in ní abala kọ̀ọ̀kan."

"Igi kan ni, Michelle," ni Ruqoyyah wí.

"Mo sọ fún wọn. Wọn ò gbọ́."

Ruqoyyah yíjú sí bàbá. "Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀, sà."

"Àwọn ló ni ín," ni bàbá dáhùn. "Mú ọ̀bẹ wá. Bí àwọn akẹ́rù bá fi agbára fà á, yóò ya. Ìwọ ni wàá gé e."

Ruqoyyah fẹ́ kọ̀, ṣùgbọ́n àwọn akẹ́rù ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó kúnlẹ̀, ó ń gé bébà tó so abala mọ́ abala, bàbá sì ń fi ìka tọ́ka sí ibi tí ọ̀bẹ yóò gbà. Omijé dí i lójú, ó nù ún, ó tún ń gé e lọ.

Àwọn ọmọ Reuben ta ilé náà. Bàbá lọ bá ọmọ rẹ̀ obìnrin ní California, kò sì yàwòrán mọ́. Bí Ruqoyyah bá pè é lórí fóònù, bàbá kò jẹ́ dárúkọ igi náà. Yóò kàn béèrè bóyá òjò ti rọ̀ ní Dallas, Ruqoyyah á sì ní, "Ó ti rọ̀, sà."