Ẹja Ara Sílè Méjì

Àtàǹpàkò ìyá bàbá mi kì í kúrò lọ́kàn mi. Láti ìgbà tí ojú wọn ti fọ́, òun ni wọ́n fi ń wo ẹyọ owó sílè méjì àtijọ́ kan tí sístà ìjọ Àgùdà kan mú wá fún wọn láti ilẹ̀ Áyálándì: dùùrù lójú kan, ẹja lójú kejì. Wọ́n ti ta ẹja dàgbà ní Ugbuwangue létí odò. Wọn a ní, “Ẹni tó ya eléyìí mọ ẹja. Fọwọ́ kan ìpẹ́ ẹ̀.”

Lọ́jọ́ ìbí wọn, mo gbé owó náà fún alágbẹ̀dẹ wúrà kó lè dán. Ó fi ẹ̀rọ fá a títí ó fi dán bíi dígí.

Mo fi í lé wọn lọ́wọ́. “Mama, e don shine o!”

Wọ́n fọwọ́ pa á títí. “Ẹja mi dà?”

Mo gbà á, mo fọwọ́ pa á: kò sí ìpẹ́ kankan.

Wọ́n ní, “Kò burú. Ẹja ni ṣebí, ó ti padà sódò.”

Wọn ò ríran, síbẹ̀ mi ò lè gbójú sókè.