Ẹní Aláwọ̀ Àsíá ní Abigi

N kò kọ́ iṣẹ́ ọnà nílé ìwé kankan. Mo kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni. Bí wọ́n bá ti pàtẹ iṣẹ́ ní yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè, màá gun ọ̀kadà láti Ìjẹ̀bú-Igbó, màá sì tẹjú mọ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan títí n ó fi mọ irú ọ̀dà tí wọ́n lò. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ọ̀rẹ́ mi, obìnrin oníṣẹ́ ọnà tó máa ń bi gbogbo ènìyàn pé kí ni wọ́n ní lọ́kàn gan-an tí wọ́n bá ní ọmọ Nàìjíríà làwọn.

Lọ́dún kan, ó lọ bá àwọn ìyá tó ń hun ẹní ní Mákùn-Omi. Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n fi hun ẹní ńlá kan fún un. Wọ́n ti ri iko tí wọ́n fi hun ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sínú omi aláwọ̀ ewé; ti àárín ni wọn ò rì sínú nǹkan kan. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí yanrìn etí omi. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi gbé e kọ́ ara ògiri gbọ̀ngàn ìjọba kan ní Abigi, níbi tí a fẹ́ pàtẹ rẹ̀ sí.

Láàárọ̀ ìpàtẹ, ọ̀gá tí àṣẹ gbọ̀ngàn náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ wá wò ó.

"Àsíá nìyí. Funfun rẹ̀ dà?"

"Ìbéèrè tí mo fẹ́ ká bi ara wa nìyẹn, sà," ọ̀rẹ́ mi dáhùn.

"Kì í ṣe nínú gbọ̀ngàn yìí. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n ní èmi ni mo gbà kí ẹ fi ìjọba ṣe yẹ̀yẹ́? Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí n tó kúrò níbí."

Ìgbà yẹn ni àwọn ìyá tó hun ún wọlé láti wá wo iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Èyí tó dàgbà jù kí ọ̀gá náà, ó wá wo ògiri.

"Àlejò wà lórí ìdúró, ẹní wà lókè bí ẹran tí wọ́n sá. Ṣé bí wọ́n ṣe tọ́ yín nìyí?"

Kí a tó sọ̀rọ̀, àwọn ìyá náà ti fà á lulẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ síwájú ọkùnrin náà. Mo ti kà á pé àsíá kì í kanlẹ̀.

"Màmá, àsíá ni," ó ní.

"Ẹní ni. Èmi ni mo hun ún. Bọ́ bàtà ẹ, ọmọ mi, jókòó. Àbí o fẹ́ kọ ẹní mi?"

Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá kọ ẹní tí àgbà tẹ́ fún un, onílé gan-an ló kọ̀. Ọkùnrin náà wò wá, ó tú okùn bàtà rẹ̀. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ kan yọ jáde nínú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀.

"Ìjọba ò ra ìbọ̀sẹ̀ fún ọ?" màmá náà bi í.

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sí àárín, ó fọwọ́ pa á.

"Ibí yìí le o," ó ní.

"Jókòó lé e dáadáa, á rọ̀."

Nígbà tó yá ọ̀gá náà ní, "Ẹ jẹ́ kó wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá wọlé, kó bọ́ bàtà."

Títí di ìrọ̀lẹ́ ni àwọn ènìyàn ń jókòó lé e, tí wọ́n ń jiyàn lórí funfun tí kò sí níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi wá jókòó tì mí, ó mí kanlẹ̀, ó ní ebi ń pa òun.