Àwo Orin Tó Gbó

Bí orin àtijọ́ bá ń dún nínú rédíò, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni mo máa ń rántí, bí wọ́n ṣe ń fi etí ẹ̀wù kàkí nu àwo orin kí wọ́n tó gbé e sórí giramafóònù. Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni wọ́n l'Óṣogbo. Wọ́n á dé nírọ̀lẹ́, á ti rẹ̀ wọ́n tẹnutẹnu, àwọn aládùúgbò á sì ti jókòó síta, tí wọ́n ń dúró de orin kan ṣoṣo tó wà nínú àwo náà.

"Orin yìí mà ti sú mi o!" Ẹ̀gbọ́n bàbá mi á wí bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ wọ́n á máa yí ọwọ́ ẹ̀rọ náà.

Nígbà tó yá, àwo náà gbó, ariwo ṣìì nìkan ló kù nínú rẹ̀. Síbẹ̀ gbogbo àwọn aládùúgbò tó wà níta ṣì ń kọ orin náà.

Mo ní, "Bàbá, àwo yìí ò kọrin mọ́."

Wọ́n mí kanlẹ̀. "Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí n ò bá yí i, wọn ò ní bẹ̀rẹ̀."