Ọ̀nà Tí Wọn Ò Jẹ́ Kí Ama Tọrọ

Rárá o, kì í ṣe kèfèrí. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún yín ò bá a gbé. Èmi bá a gbé fún ọdún mẹ́sàn-án, yàrá kan náà la jọ ń sùn, ní Salem, àdúgbò àwọn onígbàgbọ́ nílùú wa lórí òkè Akuapem. Àbúrò ìyá ìyá mi ni Nana Ntiriwaa. Òótọ́ ni pé tí àlùfáà bá ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà fún àwọn òyìnbó tó gbé ìyìn rere wá, á dìde, á tún aṣọ rẹ̀ ró, á sì fẹ̀gbẹ́ rìn jáde. Tí wọ́n bá ti ṣe àmín, á wọlé padà, á sì kọrin ju gbogbo wa lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á.

Ọmọ ogún ọdún ni nígbà tó dé ilé Osofo Brenner, àlùfáà òyìnbó Jámánì tó wà níbí nígbà náà. Ọmọ tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, ọmú sì kún àyà rẹ̀. Ìyàwó Osofo bímọ obìnrin, ibà ò jẹ́ kó rí omi ọmú kankan. Ni wọ́n bá gbé ọmọ lé Nana lọ́wọ́. Lina ni wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ Sátidé ni wọ́n bí i, nítorí náà Ama ni gbogbo Salem ń pè é.

Aago márùn-ún ìdájí ni agogo máa ń dún. Wọ́n á kọrin, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á mu kọfí oko ẹ̀yìn ilé, wọ́n á sì lo kínínì tó korò ju ewúro lọ. Osofo á wọ bàtà rẹ̀, á máa yọjú láti ilé dé ilé, láti wò bóyá a gbálẹ̀, bóyá ẹnikẹ́ni mu ẹmu. Òfin ilé wọn ni pé Ama ò gbọdọ̀ fọwọ́ jẹun. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ilé ìdáná, lórí àpótí kékeré kan, Ama á ti ki ọwọ́ bọ fufu àti ọbẹ̀ ẹ̀pà. Màdáámù, ìyàwó Osofo, mọ̀. Á yọjú lójú fèrèsé.

"Ntiriwaa, ta ló ń jẹ fufu níbẹ̀ yẹn?"

"Adìyẹ ni, Màmá."

"Adìyẹ yẹn mà ga o."

Àwọn méjèèjì á bú sẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe mọwọ́ ara wọn nìyẹn. Ọmọkùnrin tí Màdáámù bí tẹ̀lé Ama kú, Nana ló wẹ̀ ẹ́, òun ló gbé e dé itẹ́ òkú.

Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá fẹ́ kúrò nílé á tọrọ ọ̀nà lọ́wọ́ onílé. Onílé á fún un ní ìlàjì ọ̀nà, á ní kó fi ìyókù padà wá. Ẹni tó bá lọ láìtọrọ ọ̀nà, ìjà ló fi sílẹ̀ yẹn. Ama mọ̀ ọ́n dáadáa. Bó tiẹ̀ jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ló ń lọ, á kọ́kọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, á tọrọ ọ̀nà, Nana á sì fún un ní ìlàjì.

Gbogbo wa la mọ̀ pé tí ọmọ òyìnbó bá ti tó ọdún mẹ́fà, wọ́n á kó o lọ kàwé nílùú wọn. Nana ò ní kí wọ́n má mú un lọ. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀bẹ̀ fún, pé lọ́jọ́ tí Ama bá ń lọ, kó wá tọrọ ọ̀nà. Màdáámù di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ṣèlérí.

Lọ́jọ́bọ̀ kan, Màdáámù fún un ní lẹ́tà pé kó gbé e lọ fún ìyàwó àlùfáà tó wà ní Aburi. Nana gbé e, ó fẹsẹ̀ rìn. Obìnrin yẹn kà á, ó wò ó, ó ní kó jókòó, ó gbé oúnjẹ fún un, ó ní kó sun ibẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó tún ní kó dúró. Nígbà tí Nana di ẹrù, ara obìnrin náà ò gbà á mọ́. Ó ní kó má bínú, pé ohun tó wà nínú lẹ́tà náà ni pé kí òun dá a dúró títí Ama á fi lọ.

Nana sáré títí dé ilé. Osofo ti gbé ọmọ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etíkun, kó lè wọ ọkọ̀ òkun. Màdáámù jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì kékeré, ojú rẹ̀ pọ́n.

"A ò fẹ́ kí ẹ sunkún lójú ara yín ni, Ntiriwaa."

"Ṣé ó bèèrè mi?"

"Ó bèèrè. A ní o ti lọ sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ, pé o ò padà wá mọ́."

Nana kó aṣọ rẹ̀, ó jáde. Ọdún yẹn gan-an ló lọ jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ kéékèèké nílé ìwé, ó ní òun ò tún ní gbé ọ̀rọ̀ tí òun ò lè kà. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, nígbà tí Màdáámù náà ń padà sílé, ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà Nana, ó tọrọ ọ̀nà lẹ́ẹ̀mẹta. Kókò ni Nana ń bó. Kò gbójú sókè.

Ama ò kọ̀wé rí. Ṣé ẹni tó rò pé wọ́n já òun jù sílẹ̀ á kọ̀wé? Èmi ni mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Nana lọ́jọ́ tó kú. Mo fún un lómi, kò mu. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Bí Ama bá dé, sọ fún un pé kì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ lọ."