Òṣùmàrè Inú Kọ̀ǹpútà Ọkọ Mi

Awakọ̀ ni ọkọ mi, Ọlásúnkànmí Kàdírì. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń kó iṣu láti Ofiki àti Àgọ́-Àrẹ lọ sí Ìbàdàn. Nígbà tí Misturat ọmọ wa fi kọ̀ǹpútà tuntun ránṣẹ́ sí wa ní Tẹ̀dé, ẹ wá wo ohun tí ọkùnrin yìí ń fi ṣe: géèmù ọkọ̀ wíwà. Ẹni tó ti ìrìn àjò dé, tí ẹ̀yìn ń dùn, á wẹ̀, á jẹun, á tún jókòó máa wa ọkọ̀ mìíràn. Mo ní, "Bàbá Misturat, ṣé ẹ̀yin kì í sinmi ni?" Á ní kò sí ihò lójú títì tibẹ̀, iṣu ibẹ̀ kì í sì í jẹrà. Mo bá fi í sílẹ̀.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ìwà rẹ̀ yí padà. Ó ní ọkọ̀ wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Irọ́ ni, mo rí ọkọ̀ náà níbi tó gbé e pamọ́ sí lẹ́yìn ilé Ògúndìran aládùúgbò wa. Mo tún bá a lọ́sàn-án gangan, ó dijú, ó ń fọwọ́ tọ ògiri láti yàrá lọ sídìí kànga. Mo ní kí lẹ ń wá? Ó ní òun ń ṣeré ìdárayá. Ọkùnrin ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta. Inú bí mi, ẹ̀rù sì bà mí, àṣé orí ọkọ mi ti fẹ́ dàrú ni mo ń rò.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó ti mọ́ṣáláṣí dé, ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Mo gbé omi lọ fún un, ni ojú mi bá bọ́ sínú géèmù náà. Igi ẹ̀bá ọ̀nà ń fà bí ilá. Ọkọ̀ kò ní táyà. Gbogbo iná ọkọ̀ tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán ni òṣùmàrè yí ká.

Mo ní, "Èwo tún lèyí? Ta ló fi òṣùmàrè síná ọkọ̀?"

Ó di ọwọ́ mi mú débi pé omi dà nù. "Ìyá Misturat, ìwọ náà rí i?"

"Kí ni ò ní jẹ́ kí n rí i? Ṣé mi ò lójú ni?"

Ó gbé orí lé mi níkùn, ó ń sunkún.

Ibẹ̀ ló ti jẹ́wọ́. Bàbá rẹ̀, kí Ọlọ́hun kẹ́ wọn, fọ́jú nígbà tí wọ́n ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún. Òṣùmàrè tó yí iná àtùpà ká ni wọ́n kọ́kọ́ rí, kí ọdún tó yípo, wọn ò rí nǹkan kan mọ́. Nígbà tí ọkọ mi rí i nínú géèmù, ó gbà pé ó ti kan òun. Ó gbé ọkọ̀ pamọ́ kó má bàa pa ọmọ ọlọ́mọ sójú títì. Kò sọ fún ẹnì kan.

A pe Misturat. Ó ní ká pa kọ̀ǹpútà ká tún un tàn. Àwòrán náà mọ́ fúngbà díẹ̀, ó tún bàjẹ́. Ó ní kí bàbá rẹ̀ dín bí àwòrán ṣe dán tó kù nínú géèmù. Ó sàn díẹ̀, igi tún ń fà. Ó wá ní kí n fi fóònù han òun bí gbogbo rẹ̀ ṣe rí. Ó wò ó, ó ní, "Màmá, kí lẹ wọ̀ fún àpótí ẹ̀gbẹ́ tábìlì yẹn?"

Òfì ni. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tí à ń pè ní Ìyá Ìṣẹ́yìn ló ní kí wọ́n hun ún, tí wọ́n sì rán an bí ẹ̀wù fún àpótí kọ̀ǹpútà náà, nítorí eruku ọyẹ́. Ó nípọn, ó bo ẹ̀yìn, ó bo ẹ̀gbẹ́. Lábẹ́ rẹ̀, ọ̀rá tó bá a dé láti ṣọ́ọ̀bù ṣì wà lára rẹ̀, nítorí nǹkan tí wọ́n bá ti ya ọ̀rá rẹ̀, kì í ṣe tuntun mọ́. Ta ló sì máa bọ́ aṣọ tí ẹ̀gbọ́n ọkọ dá? Kí wọ́n yọjú láti Ìṣẹ́yìn kí wọ́n bá a níhòòhò?

Misturat rẹ́rìn-ín títí. Ó ní ooru ló ń pa kọ̀ǹpútà, a ti dí ihò tó fi ń mí. A bọ́ òfì, a ya ọ̀rá. Mo fọwọ́ kan ẹ̀yìn àpótí náà, mo yára gbọ́wọ́ kúrò. A jẹ́ kó tutù títí ìrun Alásàrí fi parí, ọkọ mi wá tan án. Igi dúró sáyè igi. Táyà padà. Iná ọkọ̀ mọ́ kedere, ó sì wà á lọ títí, ó ń sọ alihamudulilahi lábẹ́nu.

Mo ní mi ò gbọ́, a gbọ́dọ̀ rí dókítà ojú. Ó ní òun ò ní fọwọ́ kan ọkọ̀ òun kí dókítà tó sọ̀rọ̀, nítorí náà ọkọ̀ èrò la wọ̀ lọ sí Ṣakí lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ó ní ojú méjèèjì mọ́, kó ṣáà máa wá lọ́dọọdún nítorí ti bàbá rẹ̀. Ara tù mí, àfi bíi pé wọ́n gbé ẹrù kúrò lórí mi.

Nígbà tí à ń bọ̀ nílé, mo bi í léèrè ògiri tó ń tọ̀ kiri. Ó wo ìta, ó ní òun ń kọ́ ọ̀nà inú ilé sílẹ̀ ni kí ojú òun tó fọ́ tán, kí òun má bàa di ẹrù sí mi lọ́rùn.

Inú bí mi gan-an. Mi ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi dé Tẹ̀dé, ṣùgbọ́n mi ò fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.